Orí tí wọ́n kà, ọwọ́ tí kò dìbò: ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1800

Ìbò mẹ́jọ péré ni Thomas Jefferson fi ju John Adams lọ nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 1800: 73 sí 65. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí, ohun tó sábà máa ń sọ ni ọ̀mì tí Jefferson ta pẹ̀lú Aaron Burr, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ṣe igbákejì ààrẹ, àti bí ilé aṣòfin ṣe dìbò nígbà 36 kí wọ́n tó rí ààrẹ yàn. Èmi náà máa sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti jókòó ti iye àwọn ènìyàn tí wọ́n kà ní Amẹ́ríkà ní 1790, ìbò mẹ́jọ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló ni wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan ààrẹ nígbà náà. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ní Philadelphia ní 1787 kò ní kí ará ìlú dìbò fún ààrẹ fúnra wọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àṣàyàn olùdìbò tirẹ̀. Wọ́n á wo iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ náà ní nílé aṣojú-ṣòfin, wọ́n á fi méjì kún un nítorí sẹ́nétọ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn àṣàyàn yìí ló ń yan ààrẹ. Ta wá ló ń yan àwọn àṣàyàn? Òfin fi ìyẹn sọ́wọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 16 ló wà ní 1800, ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ni àwọn aṣòfin ti jókòó yàn wọ́n láàárín ara wọn, tí ará ìlú kò sì fojú kan ìwé ìbò ààrẹ. Ibi tí ará ìlú ti dìbò yàn wọ́n ni Virginia, Maryland, Kentucky, North Carolina àti Rhode Island.

Ará ìlú wo gan-an? Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdáhùn tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkùnrin tó ní ilẹ̀ tàbí tó ń san owó orí nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó dìbò. Vermont kò béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kentucky gba gbogbo ọkùnrin tí kì í ṣe ẹrú láàyè ní 1792, ṣùgbọ́n ní 1799, nígbà tí ìbò yìí ku ọdún kan, wọ́n tún òfin náà kọ, wọ́n sì ti ènìyàn dúdú àti ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà síta.

New Jersey ló dá yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá ti ní dúkìá tó tó 50 pọ́n-ùn lè dìbò, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ funfun. Nínú èdè tiwa, "ó" kan náà ló wà fún ọkùnrin àti obìnrin, a kò lè fi í ti ẹnikẹ́ni síta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ òfin gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Àwọn aṣòfin New Jersey kò mú ọ̀kan. Nínú òfin ìdìbò wọn ti 1797, wọ́n kọ ti ọkùnrin, wọ́n sì kọ ti obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Opó àti obìnrin tí kò lọ́kọ ni ó ṣe láǹfààní, torí pé dúkìá obìnrin tó wà nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni òfin kà á sí. Àwọn obìnrin náà jáde, wọ́n dìbò. Ní 1807 ni ilé aṣòfin wọn ti ilẹ̀kùn náà pa: ọkùnrin funfun tó ń san owó orí nìkan ló kù. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí mo ti rò pé ẹ̀tọ́ tí ènìyàn bá ti ní, tó sì ti lò, kì í tún padà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹrú kò dìbò níbikíbi. Ṣùgbọ́n wọ́n kà wọ́n, ibẹ̀ sì ni ìbò mẹ́jọ náà ti wá.

Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin ìpìlẹ̀, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa pín àwọn aṣojú. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí ẹrú pọ̀ sí fẹ́ kí wọ́n ka ẹrú mọ́ ènìyàn kí àga wọn lè pọ̀ nílé aṣòfin. Àwọn kan láti àríwá bi wọ́n pé, ẹ̀yin tí ẹ pe àwọn ènìyàn yìí ní dúkìá, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ káwa náà ka màlúù tiwa? Níkẹyìn wọ́n gbà á sí àárín: ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Níbi tí ẹrú márùn-ún bá wà, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé iye aṣojú ni wọ́n fi ń mọ iye àṣàyàn olùdìbò, ìkà náà wọ inú yíyan ààrẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ lójú yín. Nínú ìkànìyàn ọdún 1790, àwọn tí kì í ṣe ẹrú ní Virginia jẹ́ 454,983. Ní Pennsylvania, wọ́n jẹ́ 430,636. Ìyàtọ̀ wọn kò pé 25,000. Lẹ́yìn ìkànìyàn náà, wọ́n ní kí ènìyàn 33,000 ní aṣojú kan. Ẹ fi 33,000 pín ti Virginia, aṣojú 13 ló máa jáde. Ẹ fi pín ti Pennsylvania, 13 náà ni. Ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Virginia tún ní ẹrú 292,627. Ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún wọn, ẹ dà á mọ́ iye ti tẹ́lẹ̀, ó lé ní 630,000. Aṣojú 19 ni Virginia gbà. Pennsylvania, tí ẹrú inú rẹ̀ kò pé 4,000, dúró sórí 13 rẹ̀. Àga mẹ́fà ni Virginia fi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, orí ẹni tí wọ́n dè ní ìdè sì ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó lé.

Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún South Carolina, ẹ máa rí méjì. Ẹ ṣe é fún Georgia, ọ̀kan. Mẹ́fà, méjì, ọ̀kan: mẹ́sàn-án. Ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó gbogbo ìbò wọn fún Jefferson, ìbò mẹ́jọ ló sì fi borí. Adams náà rí díẹ̀ gbà nínú rẹ̀, nítorí ìpín márùn-ún-márùn-ún ni Maryland pín ìbò rẹ̀, North Carolina náà sì fún un ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbogbo ohun tí orí ẹrú mú wá kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, Adams ló máa wọlé. Kì í ṣe òní ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ní oṣù kìíní 1801, ìwé ìròyìn kan ní Boston kọ ọ́ pé èjìká ẹrú ni Jefferson gùn wọ tẹ́ḿpìlì òmìnira. Àwọn tó kọ ọ́, inú wọn kò dùn pé wọ́n fìdí rẹmi. Síbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n kọ.

Ìpolongo náà gbóná. Ẹgbẹ́ Federalist ni Adams tó wà lórí oyè wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Republican nígbà náà ni ti Jefferson, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí. New York ni ìjà náà ti kọ́kọ́ le. Àwọn aṣòfin tí wọ́n bá yàn níbẹ̀ nígbà ìrúwé ọdún 1800 ló máa yan àṣàyàn olùdìbò 12. Burr mọ ìlú New York bí ẹni mowó. Ó rọ àwọn ènìyàn ńlá bíi George Clinton tó ti ṣe gómìnà rí àti ọ̀gágun Horatio Gates kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wọn dupò aṣòfin, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, Alexander Hamilton kọ lẹ́tà sí John Jay tó jẹ́ gómìnà, ọmọ ẹgbẹ́ Federalist bíi tirẹ̀. Ó ní kí ó pe àwọn aṣòfin àtijọ́ jọ kíá, kí àwọn tuntun tó wọlé, kí wọ́n yí òfin náà padà kí ìbò New York lè pín. Jay kò dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ sára lẹ́tà náà pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni èyí, kò sì yẹ òun láti ṣe é. Ó kó o sínú àwọn ìwé rẹ̀, ó pa á tì. Mo fẹ́ràn Jay fún ìyẹn, nítorí díẹ̀ ni wọ́n láyé ìgbà náà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Virginia ti yí òfin tirẹ̀ padà kí Jefferson lè kó gbogbo ìbò 21 rẹ̀. Massachusetts gba ìbò lọ́wọ́ ará ìlú, ó gbé e fún àwọn aṣòfin kí Adams lè kó gbogbo 16 tirẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ṣe é.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Virginia lọ́dún náà tí mi ò lè fò. Alágbẹ̀dẹ kan wà nítòsí Richmond tó ń jẹ́ Gabriel. Ẹrú ni, ó mọ ìwé kà, ó sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òmìnira tí àwọn olówó ẹrú ń sọ láàárín ara wọn. Òun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé àwọn máa gba Richmond lóru ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, àwọn á sì mú gómìnà James Monroe. Àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ náà. Odò kún, ọ̀nà já, afárá kò ṣeé gbà. Kí wọ́n tó dá ọjọ́ míràn, àwọn ẹrú méjì ti lọ sọ fún olówó wọn. Monroe kó ọmọ ogun jáde. Wọ́n so ènìyàn 26 kọ́, Gabriel wà nínú wọn. Jefferson kọ̀wé sí Monroe pé ìsokọ́ náà tó gẹ́ẹ́. Ìjọba Virginia sì san owó fún àwọn olówó àwọn ẹrú tí wọ́n so kọ́, nítorí pé dúkìá wọn ló ṣègbé. Oṣù kejìlá ọdún kan náà ni àṣàyàn olùdìbò 21 ti Virginia jókòó, tí wọ́n sì dìbò fún Jefferson ní orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n kà.

Ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ni gbogbo àwọn àṣàyàn dìbò, oníkálukú ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òfin ìpìlẹ̀ ti fọ́. Ó ní kí àṣàyàn kọ̀ọ̀kan dìbò méjì, kò sì ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti ààrẹ àti èyí tó jẹ́ ti igbákejì. Ẹni tó bá pọ̀ jù ni ààrẹ, ẹni tó tẹ̀ lé e ni igbákejì. Àwọn Federalist rántí: àṣàyàn wọn kan ní Rhode Island dìbò rẹ̀ kejì fún Jay, kí Charles Cotesworth Pinckney tó fẹ́ ṣe igbákejì lè fi ọ̀kan dín sí Adams. Ó bọ́ sí 65 àti 64. Lọ́dọ̀ àwọn Republican, kálukú rò pé ẹlòmíràn ló máa yọ ìbò kan kúrò lára ti Burr. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Jefferson 73, Burr 73.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Jefferson ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ààrẹ. Burr alára mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, pé bí wọ́n tilẹ̀ gbé ipò ààrẹ fún òun, òun kò ní gbà á. Kò sọ ọ́. Ó dúró sí Albany, ó ń dágbére fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ó sì dákẹ́.

Òfin ní bí ọ̀mì bá wáyé, kí ilé aṣojú-ṣòfin yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan ṣoṣo. Mẹ́sàn-án nínú 16 ló máa fi wọlé. Àwọn aṣòfin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tuntun. Àwọn tí wọ́n ti yàn ṣáájú ni, àwọn Federalist ló sì pọ̀ jù láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé Burr ló ṣeé bá dòwò pọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 1801, ìlú Washington jẹ́ ẹrẹ̀ àti igbó, apá kan péré ni wọ́n sì tíì kọ́ tán lára ilé aṣòfin. Yìnyín ń já. Jefferson ló wà lórí àga, nítorí igbákejì ààrẹ ni, iṣẹ́ igbákejì ààrẹ sì ni láti ṣí àwọn ìwé ìbò. Ìwé Georgia kò bá ìlànà mu bó ṣe yẹ. Ó kà á mọ́ tirẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó jà sí i, kò sì sí ẹni tó sọ pé Georgia kò dìbò fún un. Síbẹ̀, olùdíje ló ń ka ìbò ara rẹ̀.

Wọ́n wá ti ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ fún Jefferson, mẹ́fà fún Burr. Vermont àti Maryland pín sí méjì, ìbò wọn kò lọ síbì kan. Ìpínlẹ̀ kan ló kù fún Jefferson.

Ní Maryland, ẹni tí kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Burr ni Joseph Nicholson. Ibà dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e gba inú yìnyín wá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ dìbò, wọ́n á gbé àpótí tọ̀ ọ́ lọ, ìyàwó rẹ̀ á di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè kọ orúkọ Jefferson. Ká ní kò wá ni, Maryland ti di ti Burr. Mo rò nípa ìyàwó yẹn. Ìpínlẹ̀ wọn kò gbà á láàyè láti dìbò fún ẹnikẹ́ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti dìbò ju 20 ìgbà lọ, bákan náà ló ń jáde. Àwọn kan sùn sórí àga, àwọn kan nà gbalaja sílẹ̀. Ariwo gba ìgboro pé àwọn Federalist fẹ́ fi ẹlòmíràn jẹ ààrẹ nípa òfin. Gómìnà Thomas McKean ní Pennsylvania àti Monroe ní Virginia bẹ̀rẹ̀ sí múra ọmọ ogun ìpínlẹ̀ wọn sílẹ̀. Monroe yìí kan náà ni. Nínú oṣù kẹsàn-án, ó rán ọmọ ogun sí àwọn ẹrú tó béèrè òmìnira. Nínú oṣù kejì, ó ń múra ọmọ ogun kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ìbò tí orí wọn mú wá.

James Bayard ló tú u. Òun nìkan ni aṣojú Delaware, nítorí náà, òun nìkan ni ìbò ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ará Delaware kò pé 65,000, àwọn ará Virginia ju 880,000 lọ, ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, Bayard nìkan tó aṣojú Virginia 19. Federalist ni, Burr ló sì ti ń dìbò fún. Hamilton, tí kò fẹ́ràn Jefferson, ti ń kọ lẹ́tà lọ́tùn-ún lósì, ó kọ sí Bayard náà, pé Jefferson sàn ju Burr lọ ní gbogbo ọ̀nà. Bayard fẹ́ mọ̀ bóyá Jefferson máa pa ọ̀rọ̀ gbèsè ìjọba, àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Samuel Smith ará Maryland lọ bá Jefferson sọ̀rọ̀, ó padà wá, ó ní kò séwu. Títí Jefferson fi kú, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Bayard ní òun gba ìdánilójú. Ohun tí mo rò ni pé Jefferson sọ̀rọ̀, Smith gbé e lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì, nígbà kẹrìndínlógójì, ó yanjú. Delaware àti South Carolina fi ìwé òfìfo sínú àpótí. Àwọn Federalist Maryland náà fi òfìfo, Nicholson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ìpínlẹ̀ náà. Ní Vermont, Lewis Morris kò wọlé wá dìbò, ó ku Matthew Lyon nìkan. Ní 1798, ìjọba Adams ti sọ Lyon sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí ohun tó kọ nípa ààrẹ. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà tí àwọn ará Vermont fi tún un yàn. Òun ló wá fi ìpínlẹ̀ Vermont fún Jefferson. Mẹ́wàá sí mẹ́rin. Kò sí Federalist kankan tó dìbò fún Jefferson. Ńṣe ni wọ́n kàn yàgò.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, Adams wọ ọkọ̀ kúrò ní Washington ní aago mẹ́rin ìdájí, kò dúró wo ìbúra ẹni tó gba ipò rẹ̀. Jefferson sọ fún àwọn tó péjọ pé Republican ni gbogbo wa, Federalist ni gbogbo wa.

Ní 1804, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe: láti ìgbà náà lọ, ìbò ààrẹ lọ́tọ̀, ti igbákejì lọ́tọ̀. Oṣù kan lẹ́yìn tí àtúnṣe náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, Burr yìnbọn lu Hamilton ní Weehawken. Kòtò tí àwọn ọkùnrin ńlá méjì jìn sí ni wọ́n dí, wọ́n sì dí i kíákíá. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún kò ṣẹlẹ̀ nǹkan kan sí i. Ó wà níbẹ̀ títí ogun abẹ́lé fi jà, tó sì tán. Nígbà tí Jefferson tún dupò ní 1804, ìkànìyàn tuntun ti sọ aṣojú Virginia di 22, àṣàyàn olùdìbò rẹ̀ di 24. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìkànìyàn nígbà náà ni pé orúkọ olórí ilé máa wà lápá òsì, iye ọkùnrin àti obìnrin funfun á tẹ̀ lé e, bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Àwọn ẹrú wà nínú ìlà tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Kò sí orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà ni.